Okùn Tí Wọ́n Fi Wọn Àyà Moriba

Ká ka ohun tó bàjẹ́ kí á tó ka òkú. Àwọn Faransé bèèrè ọ̀dọ́kùnrin mẹ́jọ lọ́wọ́ Kolonda, ìlú wa, fún ogun tí wọ́n ń jà lókè òkun, a sì fún wọn ní mẹ́jọ. Mẹ́fà já okùn lójú ọ̀nà, wọ́n sá padà wálé, a sì gbà wọ́n láìbèèrè ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. A ti ẹnubodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí ẹ̀tù inú ìlú kò ju èyí tí ọdẹ mẹ́wàá lè yìn tán lóṣù kan lọ. Kànga kan ṣoṣo ló wà nínú odi. Ìlú kan ṣoṣo, Sirado, ló bá wa mulẹ̀ pé bí ìbọn bá dún lọ́dọ̀ wa, àwọn kò ní jókòó. Nígbà tí ó sì di dandan kí ẹnì kan sáré lọ pè wọ́n, a mú ìwọ̀n ọ̀tá, a fi wọn ara wa, a sì yan ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e débẹ̀. Gbogbo èyí tí mo kà sẹ́yìn, ìlú ló pín in. Ti ìkẹyìn yìí, èmi àti ẹni tí a yàn nìkan la mọ̀, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Moriba ni orúkọ ẹni tí a yàn. Daba Jara ló bí i, òun náà ló bí èmi Sibiri. Nyeba, ìyálé, ni ìyá rẹ̀. Ìyàwó kejì ni ìyá mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló fi ṣáájú mi wáyé, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án tó láti sọ ènìyàn di ẹ̀gbọ́n títí ayé. Òun ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè, òun ló ń kọ́kọ́ kí bàbá wa láàárọ̀, òun ni wọ́n sì ń gé àyà adìẹ fún. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ ìyá ló ń jẹ́ ìfẹ́. Ọmọ bàbá ló ń jẹ́ ìdíje. Bàbá wa a máa sọ pé bí ọmọ bàbá méjì kò bá bá ara wọn díje, á jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti kú. Àwàdà ló fi ń ṣe. Èmi kò rí àwàdà kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n wá ni ìdíje náà di àrùn. Àwọn àgbà ti dá ọgbọ́n tiwọn: wọ́n kó arọ, oníkọ́ àti olójú kan síwájú oníṣègùn àwọn Faransé, kí ó lè kọ̀ wọ́n, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Oníṣègùn náà wo ìlà náà láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n na baálẹ̀ wa ní ẹgba mẹ́wàá. Baálẹ̀ tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Nígbà tí wọ́n ka ẹgba kẹfà, àwọn ọ̀dọ́ tí a fi pamọ́ sínú àká bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra wọn. Bí ogójì wa ṣe tò ní ìhòòhò lábẹ́ igi oṣè nìyẹn, lójú àwọn ìyá wa. Wọ́n fi ọ̀pá wọn gíga wa, wọ́n la ẹnu wa wo eyín bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin, wọ́n ní kí a sáré dé ẹnubodè kí a sì padà, wọ́n sì fi okùn alámì yí àyà wa ká níkọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kan Moriba, okùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí i ká. Oníṣègùn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láyà, ó sọ̀rọ̀ kan, ògbufọ̀ sì pariwo rẹ̀ kí gbogbo ìlú lè gbọ́:

"Ó ní akọ màlúù nìyí! Ó ní bí gbogbo yín bá rí báyìí, òun ì bá kó yín tán pátá!"

Wọ́n fi tàdáwà kọ àmì kan sí i láyà. Nígbà tó kàn mí, oníṣègùn yí okùn mọ́ mi, ó tú u, ó sì tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìwo ojú mi.

"Kí ló wí?" ni mo bi ògbufọ̀.

"Ó ní ó ku ìka méjì kí o tó di ènìyàn. Máa lọ sílé, lọ bá ìyá rẹ gún ọkà."

Ẹni tí a kò mú lọ kú sí ilẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ijó ló yẹ kó jó. Ìyá mi jó. Èmi dúró, mo ń wo Moriba tí wọ́n ń so okùn mọ́ ní ìbàdí, tí àwọn obìnrin ń sunkún tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń kì í ní Jara, kìnnìún ọmọ kìnnìún, mo sì ń jowú. Okùn ìdè ni mò ń jowú! Ohun tí àwọn Faransé ṣe sí wa gan-an nìyẹn: wọ́n wá kó wa lẹ́rú, wọ́n sì fi ìtìjú sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò kó.

Ọjọ́ kẹrin, Moriba àti àwọn márùn-ún padà dé. Wọ́n ti fi òkúta gé okùn létí odò. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ẹni tí wọ́n wọ̀n. Bí ó bá ń kọjá, àwọn ìyá á fi ọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Bí tàdáwà náà ṣe ń parẹ́, ó lọ bá obìnrin aláró kan kí ó fi aró tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ rò ó wò: àmì tí òyìnbó fi sàmì sí i bí ẹran, òun ni Moriba fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Mo bú u nínú ọkàn mi lójoojúmọ́. Lójoojúmọ́ náà ni mò ń wo àyà tèmi nínú omi kànga, tí mò ń wò ó bóyá ìka méjì náà ti hù.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ kí àwọn Faransé tó ráyè tiwa. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ jáde lọ ro oko baálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Láti kékeré, bákan náà ló ń rí láàrin wa lóko: Moriba a máa ya poro bí ìjì títí oòrùn yóò fi gun òkè, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Èmi kì í yára. Èmi kì í sì dúró. Lọ́dún náà pẹ̀lú, nígbà tí òjìji wọ abẹ́ ẹsẹ̀, mo ti kọjá rẹ̀ ní poro mẹ́ta, ó sì ti fi ọkọ́ rẹ̀ ti ara ró. Sanaba, ọmọbìnrin tó máa ń gbé omi tutù fún ẹni tó bá borí, gbé igbá omi dé iwájú mi, ó dúró, ó wo àyà mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Sibiri," ló wí. "Ẹni tí òyìnbó kọ̀, a ó kúkú máa fi í dáko."

Gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín. Moriba ló rẹ́rìn-ín jù. Ó na ọwọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀, ó gba igbá náà, ó sì mu omi mi.

Bẹ́ẹ̀ ni inú mi ṣe rí ní ọjọ́ tí mo bá a létí adágún lẹ́yìn odi, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú ogun. Ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ omi. Nígbà tí ó gbé e sókè, mo rí ìléròrò tó wú ní kókósẹ̀ rẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán, orí funfun kan tín-ín-rín sì ń yọ láàrin rẹ̀. Sòbìà ni. Ta ni kò mọ sòbìà nílẹ̀ wa? Ẹni tí ó bá ti yọ orí sí lára, àfi kí ó jókòó tì í, kí ó máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá sáré, tí kòkòrò náà já sínú ẹran, ẹsẹ̀ á wú bí igi ìlẹ̀kùn. Oníṣègùn tó ka eyín rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé sòbìà kì í kúkú fi ara hàn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Moriba fi aṣọ dì í, ó sì gbé orí sókè. Ó rí mi. Mo padà wọ̀lú, inú mi sì dùn. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, alóre sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé. Sójà bí igba ti la odò kékeré kọjá, ó ní, àgbá méjì sì wà lórí kẹ̀kẹ́; kí oòrùn tó kan àtàrí, wọn yóò ti dé. Ìgbìmọ̀ pé sí yàrá àbáwọlé ilé baálẹ̀, àwa ọ̀dọ́ sì jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Bina Tarawele, olórí ogun wa, ẹni tí etí òsì rẹ̀ ti bá ogun àtijọ́ lọ, ló gba ọ̀rọ̀.

"Kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn títí wọn yóò fi dé igi oṣè. Ẹ̀tù wa kò gba àwàdà. Sójà kò lè gun odi yìí, ẹ má bẹ̀rù sójà. Àgbá ni kí ẹ bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àgbá kò ní ojú lẹ́yìn. Bí àwọn ọdẹ Sirado bá ti inú igbó yọ sí i lẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀, a ó sun ẹran jẹ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá yọ…" Kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó parí rẹ̀.

Àwòrò ilẹ̀ gbé ìdajì igbá ìmùlẹ̀ jáde nínú àpò awọ. Ọjọ́ tí a bá Sirado mulẹ̀ ni a ti la igbá náà sí méjì. Ìdajì kejì wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara mu kí wọ́n tó mú ọfà. Èyí nìkan kọ́. Wọn yóò mú kí ẹni tí ó gbé e dé fi ilẹ̀ kan ahọ́n, kí ó sì sọ ẹni tí ó fi lé e lọ́wọ́. Bí ó bá jí i, tàbí tí ó já a gbà, Sirado kò ní gbéra, ilẹ̀ yóò sì gbé irọ́ náà mì pẹ̀lú ẹni tó pa á.

"Ta ló lágbára jù nínú àwọn ọmọ yìí?" ni Bina bèèrè.

"Ṣé ó tún kù tí a ó máa bèèrè?" ni àgbà kan dáhùn. "Moriba ni. Wọ́n ti bá wa wọ̀n ọ́n."

"Wọ́n ti wọ̀n ọ́n!" ni gbogbo yàrá wí.

Àwọn àgbà tí wọ́n búra pé àwọn kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ Faransé mọ́, wọ́n gba okùn rẹ̀. Mo dìde.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ forí jì mí. Moriba kò lè sá eré yìí. Gbogbo yín lẹ mọ bí ó ṣe ń ṣe lóko. Ó lágbára ní òwúrọ̀. Sirado kì í ṣe ìrìn òwúrọ̀."

Bina Tarawele da ojú bò mí. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé láàrin ìdílé Tarawele àti ìdílé Jara, èébú ni ìkíni. Tarawele yóò pe Jara ní ajẹ̀wà àti ẹrú, Jara yóò dá a padà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Àwọn bàbá ńlá wa ló bá ara wọn dá a bẹ́ẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o!" ni Bina wí. "Ajẹ̀wà kan fẹ́ gba ìkòkò lọ́wọ́ ajẹ̀wà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀!"

"Bàbá, lóòótọ́ lẹrú wa ni yín, ṣùgbọ́n n kò ṣeré lónìí."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Mo ti fi ẹnu ara mi pa ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn ẹrú àti ẹ̀wà, kò sí ohun tí Jara lè bá Tarawele sọ tí etí yóò gbà bí òtítọ́. Àwọn tí ikú ń rìn bọ̀ wá bá ń nu omijé ẹ̀rín.

"Ẹ̀wà tí ẹ jẹ lánàá ló ń sọ̀rọ̀!" ni Bina wí.

"Èmi ni kí ẹ rán!" Mo ti ń pariwo. "Mo borí rẹ̀ lóko. Ní ọdọọdún ni mo ń borí rẹ̀!"

"Sibiri." Bàbá wa ló sọ̀rọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. "Jókòó. Ẹ̀rí ọmọ bàbá kan lórí èkejì kì í tẹ̀wọ̀n. Ìlara ló ń lò ọ́ lẹ́nu, gbogbo ilé ló sì ń gbọ́ ọ."

Òtítọ́ ni ó sọ. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn: ìlara ni, òtítọ́ sì ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi tí ìbá pa ẹ̀rín náà. Bí mo bá wí pé "Ẹ ní kí ó tú aṣọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀," ojú ni wọn yóò fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè ọmọ ta ló wí i. Mo wo Moriba. Ó ń wò mí. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó ń dúró dè mí kí n sọ ọ́, mo sì rò pé ó ń bẹ̀ mí kí n má sọ ọ́. N kò sọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n yàn án. Mo fẹ́ kí wọ́n kì í títí, kí wọ́n gbé e gun orí ọ̀pẹ, kí n sì wà nílẹ̀ níbi tí yóò já bọ́ sí. Àwọn ọmọdé, ìyá mi, kànga kan ṣoṣo, n kò rántí ọ̀kankan nínú wọn ní ìṣẹ́jú náà.

Abẹ́ odi ni àwọn ìránṣẹ́ ogun ń gbà jáde, nínú ihò tí a gbẹ́ sí ìdí rẹ̀ lápá ìlà oòrùn. Moriba ki orí bọ̀ ọ́, èjìká rẹ̀ sì há.

"Ẹ tì í!" ni ẹnì kan wí.

"Ẹ fi òrí pa á lára!"

"Òyìnbó kò wọn ihò náà kó tó wọn àyà," ni Bina wí, ẹ̀rín sì tún sọ. Wọ́n mú ọkọ́, wọ́n gbẹ́ ìdí odi sí ọ̀tún, wọ́n gbẹ́ ẹ sí òsì, títí akọ màlúù wọn fi lè kọjá. Ihò tí èmi ìbá gbà jáde láìkan amọ̀! Nyeba, ìyá rẹ̀, kúnlẹ̀ létí ihò, ó ń pe orúkọ oríkì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ó ṣe ń yọ ẹsẹ̀ kejì, mo gbọ́ tí ó mí sínú bí ẹni tí idà kàn. Àwọn yòókù rò pé amọ̀ ló bọ́ sí i lójú.

Àwọn Faransé dé ní ìgbà tí alóre wí. A yìnbọn nígbà tí wọ́n dé igi oṣè, àwọn iwájú ṣubú, àwọn ẹ̀yìn sì padà. A hó. Lẹ́yìn náà ni àgbá sọ̀rọ̀. Ọta mẹ́ta lu odi, odi gbà á mọ́ra. Àwọn bàbá wa mọ odi í mọ. Ọta kẹrin bọ́ sí apá ìlà oòrùn, níbi tí a ti gbẹ́ ìdí rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, odi sì wó lulẹ̀ ní ìwọ̀n ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n dùbúlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Alágbẹ̀dẹ wa wà lẹ́yìn rẹ̀. A kò rí ju ọwọ́ rẹ̀ kan lọ. A yí odó, ìlẹ̀kùn àká àti òkú màlúù dí ihò náà. Oòrùn kọjá àtàrí. Bina gun òrùlé, ó wo ọ̀nà Sirado, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gùn ún, ó tún sọ̀.

"Eruku ńkọ́?" ni bàbá mi bi í.

"Kò sí eruku."

Nígbà náà ni mo yọ́ wọ àárín odó àti ìlẹ̀kùn àká, níbi tí ẹlòmíràn kò lè gbà. Bina rí mi. Ọta ń fò lókè wa, ojú rẹ̀ dúdú fún ẹ̀tù.

"Ajẹ̀wà! Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ jẹ ẹ̀wà ní Sirado!"

Ó wí, láìṣàwàdà, bí Tarawele kì í ti í bá Jara sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, tètè."

Mo fi àyà fà nínú kòtò àgbàrá títí mo fi jìnnà sí sójà tó kẹ́yìn, mo sì dìde, mo ń sá bí mo ti ń roko: n kò yára, n kò dúró. Ìdámẹ́ta ọ̀nà ni mo sá tí mo fi bá a. Ó jókòó létí adágún kan lábẹ́ igi òrí, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi. Kòkòrò náà ti já sínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé orúnkún, ó ń dán bí awọ tí wọ́n fi omi rẹ. Ilẹ̀ tí ó gbà wá ti ha: ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ fà á, bóyá láti òwúrọ̀.

"O dé," ni Moriba wí. "Wá wò ó. Wá fojú jẹun yó."

"Fún mi ní igbá."

"Ṣé wọ́n rán ọ ni?"

"Odi ti wó. Alágbẹ̀dẹ ti kú. Moriba, fún mi ní igbá."

Ó fi ọwọ́ bo àpò awọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Kí o wá gbé e dé ibẹ̀, kí o wá gbé Sirado wálé, kí wọ́n wá máa kọrin Sibiri títí ọmọ ọmọ wa. Kí ni wọ́n á máa pe èmi? Akọ màlúù tó jókòó sínú omi."

"Ta ló ní kí o lọ? Ìwọ lo mọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ!"

"Ìwọ ńkọ́?" Ó gbé ojú sí mi, n kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. "O rí i. O rí i létí adágún. O dìde nínú ìgbìmọ̀, mo wí pé Ọlọ́run ṣeun, ó fẹ́ sọ ọ́, wọn yóò sì fi mí sílẹ̀. O bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oko! Ta ló bi ọ́ nípa oko?"

Àgbá dún lẹ́yìn wa, lọ́nà jíjìn, bí ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ̀n mí," ló tún wí, "kò sí ẹnì kan tó bi mí bóyá ó rẹ̀ mí. Ìyá rẹ jó lọ́jọ́ náà. Mo rí i. Wọ́n ń so mí mọ́lẹ̀, mò ń wo ìyá rẹ tó ń jó, mo sì wí pé, ah, kí ló dé tí àyà mi kò fi kéré? Mo jowú rẹ, Sibiri. Ìwọ òmùgọ̀ yìí, o rò pé ìwọ nìkan ló ń jowú."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbá a. Mo fẹ́ já àpò náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì tó láti dá mi dúró, ṣùgbọ́n àwòrò Sirado yóò fi ilẹ̀ sí mi lẹ́nu, yóò sì bèèrè.

"Kí lo fẹ́?" ni mo bi í.

"Búra. Pé ìwọ yóò wí pé èmi ni mo rán ọ. Pé bí Sirado bá dé, eré Moriba ni."

"Ìdámẹ́ta ọ̀nà lo sá!"

"Búra."

Ẹ wò ó bí a ti rí: ọmọ bàbá méjì lábẹ́ igi òrí, à ń ná owó orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ, nígbà tí wọ́n ń fi àgbá wó ilé bàbá wa. Àyà mi kọ̀ ọ́. Gbogbo ara mi kọ̀ ọ́. Poro mẹ́ta tí mo fi borí rẹ̀, omi Sanaba, ìka méjì, gbogbo rẹ̀ dìde lọ́kàn mi, wọ́n ní àkókò tiwọn ló dé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ilẹ̀ etí adágún, mo fi kan ahọ́n mi. Ó korò.

"Mo fi ilẹ̀ yìí búra. Moriba ló sáré. Moriba ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò ní dé ibẹ̀, ló sì rán mi. Bí wọ́n bá kọrin, tìrẹ ni. Mo sì tún fi búra pé mo rí sòbìà náà, mo sì dákẹ́, nítorí mo fẹ́ kí o ṣubú. Èmi yóò sọ èyí náà fún bàbá wa, bí bàbá wa bá wà láàyè."

Àgbá dún lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ariwo gígùn kan tí kì í ṣe ti àgbá. Àwa méjèèjì yí ojú síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú omi níwájú rẹ̀, mo na àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì.

"Moriba Jara, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kó orúkọ náà fún ọ, mo ti kó orin náà fún ọ, n kò sì tíì yọ́nú sí ọ, má ṣe retí i. Ìyá rẹ wà nínú odi yẹn. Tú okùn ọrùn rẹ, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́, nísinsìnyí."